Ṣé O Mọ̀ Pé Ọjà ₦2,499 Lè Mówó Wọlé Ju Ti ₦2,600 Lọ?

Dúró ná, ọ̀rẹ́ mi! O ti ní búlọ́ọ̀gì. O ti ní ọjà. Plugin tí yóò sọ búlọ́ọ̀gì náà di ìsọ̀ ló kù tí ò ń wá kiri. Kó o tó tẹ bọ́tìnnì kankan, fa àpótí yẹn sún mọ́bí, jókòó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán kẹ̀kẹ́ kékeré tó máa ń wà lókè ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní baba? Sylvan Goldman lorúkọ rẹ̀. Ìlú Oklahoma City, ní Amẹ́ríkà, ló ti gbé kẹ̀kẹ́ onírin jáde fún àwọn tó ń rajà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọdún 1937 ni.

Wọn ò fọwọ́ kàn án! Àwọn ọkùnrin ní ṣé wọ́n rò pé àwọn ò lágbára àtigbé apẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn obìnrin ní kẹ̀kẹ́ ọmọ táwọn ń tì nílé ti tó àwọn.

Kí ni Goldman ṣe? Ó sanwó fún àwọn èèyàn kan kí wọ́n máa ti kẹ̀kẹ́ kiri inú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó wá rajà. Ayédèrú oníbàárà! Ọgbọ́n náà sì jẹ́.

Jẹ́ ká kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ká bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ, ọdún 1994. Ọkùnrin kan ní Philadelphia fi káàdì ra àwo orin Sting lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi kóòdù àṣírí bo nọ́ńbà káàdì rẹ̀ kí olè má baà rí i. Dọ́là 12 àti sẹ́ǹtì 48, láìka owó ìfiránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn New York Times ti gbé e. Nítorí àwo orin kan ṣoṣo!

Ọdún 1994 yẹn kan náà ni Lou Montulli, ọmọ iṣẹ́ Netscape, dá cookie sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, cookie yẹn, èyí tí gbogbo ìkànnì ń bẹ̀ ọ́ pé kó o gbà lónìí bí ẹni ń bẹ àna. Ṣé o mọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó ṣe? Kó máa bá kẹ̀kẹ́ ọjà rántí nǹkan! Láìsí i, o mú bàtà, o yíjú wo fìlà, o padà dé, bàtà ti pòórá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Nígbà tí Amazon ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oníbàárà lè kọ iye ìwé tó kéré sí òdo. Mo ní kéré sí òdo! Kọ -2, kó o tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á san owó ìwé méjì sínú káàdì rẹ. Jeff Bezos fúnra rẹ̀ ló ń fi sọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín: bóyá wọ́n á wá jókòó máa retí kó o fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn.

Nítorí náà, bí ọmọ àdúgbò kan bá ní òun á fọwọ́ kọ ìsọ̀ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, rántí -2. Plugin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti lò ti kọjá irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Amazon yìí náà ló gba ìwé àṣẹ lórí kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì ra nǹkan. Lórí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan! 1999 ni wọ́n fún wọn, 2017 ló tó kásẹ̀ nílẹ̀. Apple pàápàá sanwó kí wọ́n tó gbà fún un.

Bọ́tìnnì ṣì kù. Jared Spool, ẹni tó ń ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, ló sọ ti ìsọ̀ ńlá kan tí kì í jẹ́ kéèyàn sanwó àfi tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n yọ “forúkọ sílẹ̀” kúrò lórí bọ́tìnnì, wọ́n fi “tẹ̀ síwájú” sí i, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò pọn dandan kéèyàn forúkọ sílẹ̀. Ó ní owó tó fi lé sí i lọ́dún àkọ́kọ́ jẹ́ 300 mílíọ̀nù dọ́là.

Ìwọ náà, béèrè lọ́wọ́ plugin tó o bá fẹ́ mú: ṣé àlejò lè rajà lọ́dọ̀ rẹ láìforúkọ sílẹ̀? Nínú plugin WooCommerce, àmì kékeré kan lo máa fi sí i, ó parí.

Jẹ́ ká wọlé wàyí. Ṣé o mọ̀ pé tó o bá ka ìkànnì 100, ó ju 40 lọ tó jẹ́ sọ́fíwíà WordPress ló gbé wọn dúró? Ọmọ ọdún 19 ni Matt Mullenweg nígbà tí òun àti Mike Little gbé e jáde lọ́jọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 2003.

Amẹ́ríkà ni Matt wà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Mike wà. Báwo ni wọ́n ṣe mọra? Matt ráhùn sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ pé sọ́fíwíà tí òun ń lò ti di aláìníbaba. Mike ló kọ́kọ́ fèsì. Ìráhùn kan, èsì kan, ó di ohun tí ayé ń lò!

Wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ fúnra wọn. Ọ̀rẹ́ Matt kan, Christine Selleck Tremoulet, ló mú “WordPress” wá.

Ẹ̀dà 1.2, tó jáde ní 2004, ló kọ́kọ́ gba plugin láàyè. Mingus ni wọ́n pe ẹ̀dà náà, orúkọ Charles Mingus, olórin jazz tó ń ta double bass. Gbogbo ẹ̀dà ńlá wọn ló ń jẹ́ orúkọ olórin jazz!

Kí ni plugin àkọ́kọ́ ń ṣe? Fara balẹ̀ o. Hello Dolly ló ń jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú ìlà kan jáde nínú orin tí Louis Armstrong kọ, kó gbé e sí igun òkè ojú ìwé tí onílé búlọ́ọ̀gì ti ń ṣiṣẹ́. Ó tán! Kò ta nǹkan kan rí láyé rẹ̀.

Lónìí, plugin ọ̀fẹ́ tó wà nínú àká WordPress ti lé ní 55,000. Ká ní o dán ọ̀kan wò lójúmọ́, ó ju 150 ọdún lọ kó o tó dé ìparí.

WooCommerce ni ọ̀gá láàárín àwọn tó ń tajà. Ó ju mílíọ̀nù 5 ìkànnì tó ń lò ó. Ọ̀fẹ́ ni.

Ṣé o sì mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíì ni? Jigoshop ni ìyá tó bí i. Ìwé àṣẹ tó wà lórí sọ́fíwíà irú èyí ní ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, kó tún un ṣe, kó sọ ọ́ lórúkọ míì. Ilé iṣẹ́ WooThemes dà á kọ ní 2011, wọ́n sì tún gba méjì nínú àwọn tó ṣe é síṣẹ́. Wọ́n gbọ́mọ, wọ́n gbé agbọ́mọpọ̀n!

Àwọn ọmọ South Africa méjì àti ọmọ Norway kan ló dá WooThemes sílẹ̀. Ní 2015, Automattic, ilé iṣẹ́ Matt, rà wọ́n. Wo orúkọ yẹn dáadáa. Kí ni lẹ́tà t méjì ń wá nínú Automattic? Matt ló fara pamọ́ síbẹ̀!

Àbí fáìlì lò ń tà, ìwé tí wọ́n ń kà lórí fóònù, orin, àwòṣe aṣọ? Easy Digital Downloads ń bẹ fún ìyẹn láti 2012. Kò ní bi ọ́ léèrè bí ẹrù ṣe wúwo tó. Pippin Williamson tó ṣe é ń pọn ọtí bíà pẹ̀lú, ní Kansas!

Ruslan Fazlyev, ọmọ ìlú Ulyanovsk ní Rọ́ṣíà, gbé Ecwid jáde ní 2009. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ni, àmọ́ o lè pàtẹ rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gì, sórí ìkànnì míì, sórí Facebook, lẹ́ẹ̀kan náà. Lightspeed ti Kánádà rà á ní 2021. Mílíọ̀nù 500 dọ́là!

Shopify ńkọ́? Ọmọ Jámánì kan, Tobias Lütke, fẹ́ máa ta pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín láti Ottawa, ní Kánádà. Kò rí sọ́fíwíà tó wù ú. Ó bá kọ tirẹ̀. Pátákó dà? Kò sẹ́ni tó bi í mọ́. Sọ́fíwíà náà ni ayé ń rà.

Mo jókòó ti àbúrò mi ní Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń to àdìrẹ sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀. Plugin tó kọ́kọ́ mú, n ò ní dárúkọ rẹ̀, ó rẹwà bí ìyàwó tuntun. Àmọ́ ẹni tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. WordPress sì ti gbé ìkìlọ̀ sórí rẹ̀: wọn ò tíì dán an wò pẹ̀lú ẹ̀dà ńlá 3 tó jáde kẹ́yìn. Ta ló ka ìkìlọ̀? Ìràwọ̀ márùn-ún ló ń wò!

A yọ ọ́ dànù, a fi WooCommerce sí i. Ó béèrè orílẹ̀-èdè, a yan Nàìjíríà. Ó béèrè owó, náírà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ₦ rẹ̀ gan-an. Àwọn ìpínlẹ̀ wa tò bí ọmọ iléèwé láti Abia. Inú wa dùn.

Ó wá kan iye aṣọ. Àbúrò mi ní yáàdì mẹ́ta ààbọ̀ kù nínú aláwọ̀ aró kan. Ó kọ 3.5. Ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé WooCommerce jáde, odidi ló mọ̀, kò mọ ààbọ̀!

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ ò rí i pé ẹni tó ṣe nǹkan yìí ò dé ọjà Ìtòkú rí.”

A fi ààbọ̀ yáàdì ṣe ẹyọ kan. Yáàdì mẹ́ta ààbọ̀ di ẹyọ 7. Ẹ̀rọ gbà, ó dákẹ́.

Ìnájà ńkọ́? Plugin wà fún ìyẹn náà! Name Your Price ló ń jẹ́. Ó jẹ́ kí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ dá iye tí yóò san. Wọ́n ń polówó rẹ̀ bí ohun tuntun. Lọ sọ fún àwọn ìyá wa lọ́jà.

Oníbàárà tó kẹ́rù sínú kẹ̀kẹ́ tó wá bẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀, mélòó ni nínú 100? Ilé ìwádìí Baymard ní Denmark ní ó tó 70. Àádọ́rin! Ní ọjà tiwa, wàá pè é padà: “Màmá, ẹ padà wá, ẹ wá gbà á!” Plugin wà tó ń fi lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì pariwo bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo ti dé ibi owó. Ibí ni kó o la ojú rẹ sí jù, torí plugin tí kò lè gbowó lọ́wọ́ èèyàn rẹ, àwòrán lásán ni.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn lórí káàdì rẹ, ọlọ́pàá ni. Hans Peter Luhn ti IBM ló fi ìṣirò kan lélẹ̀, tó tọrọ ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1954. Ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀, ìṣirò náà á mú ọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tíì dé báńkì rárá!

Shola Akinlade àti Ezra Olubi jọ kàwé ní Yunifásítì Babcock, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Wọ́n dá Paystack sílẹ̀, tó ń báni gba owó oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni ilé iṣẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ Y Combinator, ètò tó ń ran ilé iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 2020, ilé iṣẹ́ Stripe rà á ní owó tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Plugin tó so ó mọ́ WooCommerce, ọ̀fẹ́ ni.

Mú ìwé àti bírò. Iye tí Paystack kọ síta fún káàdì Nàìjíríà nìyí: ₦1.50 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ₦100 lórí rẹ̀. Bí ọjà kò bá tó ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn. Bó sì ti wù kó wọ́n tó, owó wọn kì í kọjá ₦2,000.

Tà á ní ₦2,499. Wọ́n mú ₦37.49. Ó ku ₦2,461.51 fún ọ.

Fi náírà kan lé e, kó di ₦2,500. Wọ́n mú ₦137.50. Ó ku ₦2,362.50. Náírà kan lo fi kún un, ₦99 ló fò lọ!

Gbé e dé ₦2,600. Wọ́n mú ₦139. Ó ku ₦2,461 géérégé. Oníbàárà san ₦101 sí i, ìwọ sì fi kọ́bọ̀ 51 pàdánù. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta!

Wá lọ sókè. Aṣọ òkè ₦200,000, wọ́n mú ₦2,000. Tà á ní mílíọ̀nù 2, ₦2,000 náà ni. (Wọ́n lè yí iye wọ̀nyí padà, nítorí náà yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó lẹ iye mọ́ ọjà.)

Ọ̀kan ló kù, ìwọ nìkan ni mo ń sọ ọ́ fún. Nínú WooCommerce, ọjà tí wọ́n rà, àròkọ rẹ àti àwòrán tó o gbé sórí búlọ́ọ̀gì jọ ń pín nọ́ńbà kan náà ni. Bí nọ́ńbà náà bá ti dé 246, ẹni tó bá kọ́kọ́ rajà lọ́dọ̀ rẹ yóò gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ #247 sí.

Àkọ́rà ni o! Àmọ́ òun rò pé èèyàn 246 ti rà ṣáájú òun. Kí ìwọ ṣáà di aṣọ rẹ̀ fún un, kó o fi èènì sí i, kó o sì pa ẹnu mọ́.