Ìran Tí A Kì Í Sanwó Wò

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Ẹni tó bá dé ojúde ọjà ní Kétu lọ́jọ́ eré yóò mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí í dúró lẹ́nu ọ̀nà gbowó. Olówó àti tálákà, onílé àti àlejò, gbogbo wọn ló ń wòran lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ta ló sanwó ìran náà?

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni eré tí àwọn Yorùbá-Nàgó fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, tàbí nígbà tí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀-àrùn bá kọlu ìlú. Lóru, ẹlẹ́fẹ̀ a máa kọrin ìtàn ìlú, a sì máa fi orin bá oníwà burúkú wí. Lọ́sàn-án, oníjó a jáde pẹ̀lú igi lórí àti ṣaworo lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣi ìlù.

Ẹ wo oníjó yìí dáadáa. Agbẹ́gilére ló gbẹ́ igi orí rẹ̀. Ó lè gbẹ́ ejò tàbí ẹyẹ, ó lè gbẹ́ obìnrin tó gbé igbá ọjà, kódà ó lè gbẹ́ alùpùpù. Gèlè àti ọ̀já tó wé mọ́ra, ọwọ́ ìyá, ìyàwó àti àwọn obìnrin ilé ló ti yá wọn. Ọmọ Àyàn ló ń lùlù fún un. Ìdílé ló sanwó náà: wọ́n fi ọdún ìkọ́ṣẹ́ san án, wọ́n fi aṣọ inú àpótí san án.

Ní ọdún 1886, ogun Dàhómì pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Nígbà tí àwọn tó kù padà, wọ́n tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ilé ti jóná, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àti orin ẹnu kò jóná. Nílé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ogun Dàhómì kan náà ló mú kí àwọn baba wa fi òkè ṣe ibi ìsádi. Àwọn òkè náà wà níbẹ̀ tí ọmọ wa ń rí wọn lójoojúmọ́. Mélòó nínú wọn ló mọ ìtàn rẹ̀?

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ ń dínkù, àti pé ó lè di eré títà fún àwọn arìnrìn-àjò.

Ètùtù wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Kristẹni sì mọ ibi tí òun dúró sí. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀tá ìgbàgbọ́. Ní 1947, àwọn Fada SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fada Kevin Carroll bá Bándélé ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀, Àrèógún, jẹ́ ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére. Làmídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí láti ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Wọ́n gbẹ́ àwọn Ọba tó wá kí Jésù jòjòló bí ọba Yorùbá. Bí Àrèógún kò bá ti kọ́ ọmọ rẹ̀, kí ni Fada ì bá rí lò?

Nítorí náà, bí eré ìlú bá dé, ẹ má kàn rán àwọn ọmọ lọ wòran. Ẹ mú wọn lọ sílé agbẹ́gilére, sọ́dọ̀ aláró, sọ́dọ̀ ìyá tó ń mọ ìkòkò, kí wọ́n fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kọ́ wọn ní oríkì ìdílé. Ẹ sọ ìtàn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ fún wọn. Kò ní ná wa ní fránkì kan lónìí. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá lọ tán, kò sí iye tí a lè fi rà á padà.