Ibi tí Ó Yẹ kí Ojú Wà Nígbà tí A Bá Ń Gbá Sínúkà

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn gbá sínúkà lẹ́yìn tí ó bá ti oko dé. Ohun tí kò dára ni ìjà tí ó máa ń tẹ̀lé e. Bí bọ́ọ̀lù bá kọ̀ tí kò wọ ihò, ẹnì kan á ní tábìlì ni ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlòmíràn á ní wọ́n fi nǹkan sí òun lójú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe tábìlì, kì í sì í ṣe aráyé. Ibi tí a gbé ojú sí ni. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń fojú sun bọ́ọ̀lù.

Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sínúkà ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1875. Tábìlì ńlá rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní 6. Bọ́ọ̀lù 22 ni ó wà lórí rẹ̀: funfun 1 tí a ń fi ọ̀pá gbá, pupa 15, àti aláwọ̀ mìíràn 6. Gbogbo wọn dọ́gba: mìlímítà 52.5 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Tábìlì tí ó kéré ju èyí lọ ni a sábà máa ń rí nítòsí wa, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni, bí bọ́ọ̀lù funfun àti ìyókù bá ti tóbi bákan náà.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ọ̀pọ̀ a máa fojú inú fa okùn láti àárín ihò la àárín bọ́ọ̀lù pupa kọjá. Èyí dára. Ibi tí okùn náà bá ti yọ jáde lẹ́yìn pupa ni ó yẹ kí funfun ti kàn án. Èyí náà tọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, wọn a wá na ọ̀pá tààrà sí ibi ìfarakàn yẹn gan-an. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́. Ó ní ikùn. Kí àárín funfun tó dé ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti kan pupa ní ibòmíràn. Á kàn án nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, pupa kò sì ní yà tó. Etí tábìlì ni yóò kọlù.

Ibi tí ó yẹ kí á fojú sun ni ibi tí àárín bọ́ọ̀lù funfun yóò wà nígbà tí ó bá kan pupa. Ibẹ̀ jẹ́ ìdajì bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn ibi ìfarakàn, bíi mìlímítà 26, lórí okùn kan náà. Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀lù kan tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pupa, tí òun, pupa àti ihò wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Àárín bọ́ọ̀lù inú ọkàn yìí ni kí ẹ gbá funfun lọ bá.

Ẹ lè fi èyí yẹ ara yín wò. Bí funfun, pupa àti ihò bá wà lórí ìlà kan, ibi ìfarakàn àti ibi ìfojúsùn wà lójú ọ̀nà kan náà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ títààrà gbá fi ń tàsé bí bọ́ọ̀lù bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ojú rẹ̀ ni kò tíì mọ ibi tí yóò wò.

Ìwọ̀n kan wà tí ó rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá na ọ̀pá sí etí pupa gan-an, ìdajì funfun yóò bo ìdajì pupa, pupa yóò sì yà ní nǹkan bíi digírì 30 kúrò lójú ọ̀nà tí funfun gbà wá. Ẹ gbá a báyìí ní ìgbà 20 láti ojú kan náà. Lẹ́yìn èyí, ojú yín yóò mọ èyí tí ó yẹ kí ó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ àti èyí tí ó yẹ kí ó tín-ín-rín jù ú.

Bí a ti ń lo ojú

1. Ẹ dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀lù funfun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo ìlà náà bí a ti ń wo èèkàn nígbà tí a bá ń to ipa kòkó, títí èèkàn iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò fi bo ara wọn.

2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àgbọ̀n yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá. Ẹ la ojú méjèèjì.

3. Bí ẹ ti ń na ọ̀pá síwá-sẹ́yìn ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ máa wo funfun, kí ẹ sì máa wo pupa. Ìgbà yìí ni kí ẹ rí i pé orí ọ̀pá dojú kọ àárín funfun.

4. Ẹ dáwọ́ dúró díẹ̀. Ẹ gbé ojú lọ sí pupa, níbi tí ẹ fojú sun, kí ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbá a. Ẹ má wo ihò. Ihò kò ní sá lọ.

5. Ẹ má gbé orí sókè títí bọ́ọ̀lù yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Bí orí bá gbéra, èjìká á tẹ̀lé e, ọ̀pá á sì yà.

Ojú méjèèjì kì í sábà lágbára bákan náà. Ẹ la ojú méjèèjì, kí ẹ na ìka sí òpó kan lókèèrè. Ẹ wá di ojú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ la ìyẹn, kí ẹ di ìkejì. Ojú tí ìka kò kúrò lára òpó nígbà tí òun nìkan là sílẹ̀ ni ó ń darí yín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá sún mọ́ abẹ́ rẹ̀. Joe Davis, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìgbà 15 láàárín 1927 àti 1946, kò fi ojú ọ̀tún ríran dáadáa. Abẹ́ ojú òsì ni ó ń gbé ọ̀pá sí. Ẹni tí ó mọ ojú tí yóò gbára lé kò ní ohun tí yóò máa bẹ̀rù.

Ó ku ohun kan. Owó tí àwọn kan fi ń ta tẹ́tẹ́ lórí tábìlì, owó ajílẹ̀ àti owó ilé-ìwé ọmọ ni. Ẹni tí irú owó bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ kò lè jẹ́ kí orí rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ojú rẹ̀ á máa sá lọ sí ihò. Ẹ fi owó sílẹ̀ nílé. Bí ẹnì kejì yín bá sì tàsé ní alẹ́ òní, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í pé, "Kí ni o ń wò nígbà tí o gbá a?"