Nígbà tí Router Kan Kò Bá Ká Ilé

Bí ènìyàn bá wọ agbo ilé àtijọ́ ní Ẹdẹ, kì í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé àwọn bàbá wa kò kọ́ ilé wọn nítorí Wi-Fi. Ògiri amọ̀ nípọn, yàrá tẹ̀lé yàrá, páànù sì bo gbogbo rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń gbé, ẹ̀yìn pátápátá ni yàrá rẹ̀ sì wà, nígbà tí router wà ní pálọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a máa pè é kí wọ́n lè rí ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kí i tán, àwòrán a ti dúró gbagidi. Ní ọjọ́ kan ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n má pè mọ́, nítorí ó sàn fún òun láti má rí wọn ju kí òun máa rí ààbọ̀ ojú wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí púpọ̀.

Ìgbà náà ni mo lọ ra ohun tí wọ́n ń pè ní mesh, èyíinì ni àwọn àpótí tí ó ń gba Wi-Fi lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo káàkiri ilé. Ẹni tí ó tà á fún mi ní kí n ra mẹ́ta, mo sì rà á. Mo gbé ọ̀kan sínú yàrá ìyá mi gan-an. Kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá!

Ará Ẹdẹ kò yẹ kí ó ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú tí Timi Láoyè Kìíní ti jọba láti 1946 títí di 1975 ni, ọba tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa ìlù lílù. Onílù tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onílù mìíràn kò ha gbọ́dọ̀ dúró sí ibi tí ó ti lè gbọ́ ọ ketekete bí? Àárín ọ̀nà ni àpótí kejì yẹ kí ó wà, kì í ṣe ibi tí Wi-Fi ti kú tán. Kí ẹ tó náwó, ẹ mú fóònù lọ́wọ́, ẹ rìn láti pálọ̀ dé ẹ̀yìn ilé, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí agbára rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ìgbì 2.4 GHz a máa la ògiri já ju 5 GHz lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 5 GHz ni ó yára jù. Páànù kì í sì í jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn kọjá dáadáa.

Bí ó bá ṣeé ṣe, wáyà ni kí ẹ fi so àwọn àpótí pọ̀. Àpótí tí ó ń fi ìgbì kan náà gba ọ̀rọ̀, tí ó sì tún fi ń fúnni, lè pàdánù tó ìdajì ìyára rẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà nẹ́tíwọọ̀kì lè gùn tó 100 mítà láìsí ewu.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé mesh kò lè fi kún íntánẹ́ẹ̀tì tí ń wọ ilé, ìbá à ṣe ti káàdì SIM tàbí ti Starlink tí ó dé Nàìjíríà ní January 1923+100, èyíinì 2023. Bí ó bá sì jẹ́ data oníwọ̀n ni ẹ ń rà, yóò tètè tán, nítorí gbogbo yàrá ni yóò máa jẹ ẹ́. Iná mànàmáná ńkọ́? Bí inverter bá ń gbé pálọ̀ nìkan, àpótí ẹ̀yìn yóò kú nígbà tí iná bá lọ; ẹ wá bátìrì kékeré fún un.

Mo gbé àpótí kejì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo na wáyà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkẹta wà nínú páálí rẹ̀ títí di òní. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ìyá mi bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan, ó sì rí i pé eyín iwájú àbíkẹ́yìn wọn ti ká.