Bí Àìsàn Ẹ̀dọ̀ Ti Ń Ba Ọ̀nà Ọ̀fun Jẹ́

Bí àgbẹ̀ kan ní Ìyàrà tàbí ní ìletò mìíràn nínú ilẹ̀ Ìjùmú bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí bi ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ohun tí ó lè kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn ará ilé ni pé ó jẹ májèlé. Ẹni tí ó se oúnjẹ náà wọ ìjọ̀ngbọ̀n nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ àgbẹ̀ náà ti ń ṣàìsàn láti bí ogún ọdún sẹ́yìn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti inú ikùn àti ìfun wá kì í lọ tààrà sí ọkàn. Inú ẹ̀dọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ gbà kọjá, kí ẹ̀dọ̀ lè sẹ́ ẹ. Ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ dá a máa rọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ṣàn nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àrùn mẹ́dọ̀wú, pàápàá oríṣi B, tàbí ọtí àmupara, bá ń ṣá a lọ́gbẹ́ lọ́dọọdún, ojú àpá a bò ó, a sì le koko. Ọ̀nà dí.

Kí ni odò máa ń ṣe bí igi bá wó dí i? A kún, a sì ya gba inú oko olóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ náà ń yà sí àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ikùn. Agbára àwọn iṣan wọ̀nyí kò gbé e. Wọn a wú, wọn a lọ́ bí ekòló, awọ wọn a sì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé kì í dunni. Òkèlè iyán a máa lọ geere bí ti àtẹ̀yìnwá, títí di ọjọ́ tí iṣan kan yóò bẹ́. Nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò gba ẹnu jáde. Ìgbẹ́ pàápàá a dúdú bí ọ̀dà. Kì í tètè dá, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà ni ó ń pèsè púpọ̀ nínú èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Wákàtí tí àwọn ará ilé bá fi ń wá ẹni tí ó fi májèlé sí ọbẹ̀ lè gba ẹ̀mí aláìsàn.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, dókítà a ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná lórí gba ẹnu wọlé, a sì fi rọ́bà kékeré so iṣan tí ó wú náà. Oògùn tí a ń pè ní propranolol sì wà, tí ń dẹ ìṣàn ẹ̀jẹ̀ náà kí iṣan tó bẹ́.

Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B wọ inú èyí tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọ ọwọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí a bí ṣáájú ìgbà náà ni kò gbà á rí. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka sì tó láti fi mọ̀ bí àrùn náà bá wà lára wọn.