Má Jẹ́ Kí Táyà Kẹ̀kẹ́ Rẹ Le Jù

O ṣẹ̀ṣẹ̀ to mountain bike tuntun tán ní Àgídìngbì, o fẹ́ fi rin ọ̀nà jíjìn. Má sọ fún ẹni tó ń lẹ táyà pé, “Ẹ jẹ́ kó le dáadáa o!” Lórí ọ̀dà tó jọ̀lọ̀, táyà líle máa ń yá. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà gbágungbàgun, kì í gba òkúta mọ́ra. Ńṣe ló ń gbé kẹ̀kẹ́ àti ìwọ fúnra rẹ sókè. Agbára tó yẹ kó gbé ẹ síwájú á bá gbígbọ̀n lọ. Tó bá fi máa di wákàtí mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ á sọ fún ẹ.

Torí irú gbígbọ̀n yìí ni John Boyd Dunlop ṣe fi rọ́bà oníatẹ́gùn sí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Belfast lọ́dún 1887. (Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣe táyà ní Ìkẹjà níbí títí di 2008.)

Tó o bá wọn kílò 70, tí táyà rẹ fẹ̀ tó íǹṣì 2.3, tó sì ní túùbù, bẹ̀rẹ̀ láti psi 28 níwájú, 30 lẹ́yìn; ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù jù. Tí ríìmù bá ń kan òkúta, fi 2 kún un, kí túùbù má bàa bẹ́. Ra gééjì tìẹ o: ìka tá a fi ń tẹ̀ ẹ́ wò ò lè mọ 28 yàtọ̀ sí 40.