Àjà Ló Lẹrù

Àjà Ló Lẹrù jẹ́ ìwé ìtàn-àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè Yorùbá. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1929–2019), ọmọ bíbí ìlú Ọ̀yọ́, ni ó kọ ọ́. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ó mú irú ìtàn yìí wọ inú lítíréṣọ̀ Yorùbá.

Ẹ̀dá-ìtàn àti ibùdó ìtàn

Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ni Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí tí ó ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí ìwà ọ̀daràn kí ó mójú kúrò níbẹ̀. Tàfá ni alábàárìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì tún fara hàn nínú Àgbàlagbà Akàn (1971).

Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938), D. O. Fágúnwà mú òǹkàwé wọ inú igbó àwọn iwin. Òkédìjí mú un padà sí ìgboro. Àwọn olè àti ọlọ́pàá ni wọ́n gba ipò iwin, ewu sì wọ àdúgbò tí òǹkàwé mọ̀ dáadáa.

Àwàdà àti ìlò èdè

Òwe, àpárá àti ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu Lápàdé, kódà nígbà tí nǹkan bá le. Báyìí ni ìwé náà ṣe fi hàn pé èdè àwọn àgbà tó láti fi ròyìn ìwà ọ̀daràn ìlú ńlá òde òní.

Ìfiwéra

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà tí ó máa ń dẹ́rìn-ín pani, tí kì í sì í fi ìtàjẹ̀sílẹ̀ ṣe àfihàn. Nínú The Murder at the Vicarage (1930) ti Agatha Christie, arúgbó obìnrin kan ni ó tú àṣírí apànìyàn ní abúlé rẹ̀. Láti ọdún 1998 ni Alexander McCall Smith ti ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa Gaborone ní Botswana. Ìwé Òkédìjí le ju ìwọ̀nyí lọ, nítorí ìjà àti ikú wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó bá wọn mu ní ti ẹ̀fẹ̀ àti ní ti ìlú tí a lè dá mọ̀.

Ìbéèrè kan ni ó gbé síwájú òǹkàwé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́ máa lépa ọ̀daràn ní ọ̀nà tirẹ̀?

Ipa rẹ̀

Kọ́lá Akínlàdé náà kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àwọn ọdún 1970. Lára wọn ni Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀.