Bí Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Bá Kọ̀ tí Kò Yí

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń ṣe, fífún omi kúrò lára aṣọ ni ó le jù. Nígbà tí ó bá ń fọ aṣọ lọ́wọ́, jẹ́jẹ́ ni ó ń yí. Nígbà tí ó bá kan fífún, agbọ̀n irin oníhò tí aṣọ wà nínú rẹ̀ lè yí tó ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ìbú agbọ̀n náà bá tó ìdajì mítà, agbára tí ó ń ti aṣọ mọ́ ara agbọ̀n yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 280 ìwúwo aṣọ ọ̀hún. Omi kò lè dúró níwájú irú agbára bẹ́ẹ̀. Ojú ihò ni yóò gbà sá jáde. Nítorí agbára yìí náà ni àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ṣe fi oríṣiríṣi ìdènà sí i, kí ó má baà yí àfi bí gbogbo nǹkan bá wà létòlétò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣìnà nìyí. Bí wọ́n bá rí i pé aṣọ ṣì ń ro omi tótótó, wọn a ní ẹ́ńjìnnì ti jó, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tí wọn yóò fi ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Ohun kan ni ẹ̀rọ ń dúró dè. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwádìí ẹlẹ́sọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́.

Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí onílé yọ okùn iná ẹ̀rọ kúrò lára ògiri. Kí ó pa súìṣì nìkan kò tó. Bákan náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n tí kò tíì dúró pátápátá. Bí ìjánu ẹ̀rọ bá ti gbó, agbọ̀n lè máa yí lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ọmọrí rẹ̀. Aṣọ tí ó bá lọ́ mọ́ ènìyàn lápá nínú irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ apá náà. Nítorí ìdí èyí, ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ni omi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní í yí kíákíá níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú wọn. Kí onílé wo rọ́bà tí omi ń gbà jáde bóyá ó ti ká tàbí ohun wúwo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn wọn wà níwájú, ilẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ níbi tí asẹ́ pọ́ǹpù wà. Owó irin, bọ́tìnnì àti òwú aṣọ a máa dí i. Bí omi inú ẹ̀rọ bá gbóná, kí wọ́n jẹ́ kí ó tutù. Kí wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ gba omi. Kí wọ́n sì rọra tú asẹ́ náà díẹ̀díẹ̀.

Ohun kejì ni ẹrù àti ọṣẹ. Kúbùsù kan ṣoṣo tí ó ti mu omi yó yóò wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, agbọ̀n yóò sì máa gbọ̀n. Ẹ̀rọ ìgbàlódé a máa mọ̀ pé ẹrù náà kò dọ́gba. A gbìyànjú ní ìgbà mélòó kan láti tún un tò; bí kò bá ṣeé ṣe, a jáwọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò tú aṣọ náà ká. Ní ti ọṣẹ, lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ṣe fún fífi ọwọ́ fọṣọ a máa hó púpọ̀. Bí ìfófó bá kún inú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù yóò máa fà dípò omi, agbọ̀n kò sì ní í lè yí dáadáa.

Ohun kẹta ni ọmọrí àti ìjánu. Nínú ẹ̀rọ olójú méjì, tí ojú kan wà fún fífọ̀ tí èkejì wà fún fífún, súìṣì kan wà lábẹ́ ọmọrí ojú tí ń fún aṣọ. Bí ọmọrí kò bá dé dáadáa, iná kò ní í dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìjánu yóò sì di agbọ̀n mú. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé tàbí áńkáṣíìfù tún lè fò bọ́ sí àárín agbọ̀n àti ara ẹ̀rọ, kí ó sì há a. Ìdí nìyí tí ike pẹlẹbẹ fi máa ń bá irú ẹ̀rọ yìí wá: orí aṣọ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó pa ọmọrí dé.

Ohun kẹrin, tí kò ṣàjèjì sí ará Nàìjíríà, ni iná tí kò tó. Bí iná bá wálẹ̀ láti fóòtì 240 sí 160, agbára tí irú ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀rọ olójú méjì fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí kò ní í tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Yóò kàn máa kùn ni. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kí ó máa kùn bẹ́ẹ̀, yóò gbóná, ó sì lè jó ní tòótọ́.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá pé, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ di ti inú ẹ̀rọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí agbọ̀n kò yí, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já tàbí ó ti dẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, kábọ́ọ̀nù méjì tí ń gbé iná dé inú ẹ́ńjìnnì a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kúrú jù. Méjèèjì ni wọ́n sì ń pààrọ̀ pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn tí kò yí, tí iná sì tó, ó ṣeé ṣe kí kàpásítọ̀ tí ń ràn án lọ́wọ́ ti kú. Iná lè wà nínú kàpásítọ̀ yìí lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ okùn iná kúrò, ó sì lè gbé ènìyàn. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni kí ó fọwọ́ kàn án. Òun náà ni kí wọ́n pè bí òórùn ìjóná bá ń jáde, tàbí bí ara ẹ̀rọ bá ń gbé ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ètò yìí kọjá ọ̀rọ̀ aṣọ. Ìbéèrè tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni ó ṣáájú, èyí tí ó ń náni lówó ni ó kẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó jẹ́ okùnfà. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣe ìwádìí náà nìyí. Onílé tí ó bá tẹ̀lé e, bí kò tilẹ̀ tún ẹ̀rọ náà ṣe fúnra rẹ̀, yóò lè sọ fún oníṣẹ́ ohun tí ó ti wò àti ohun tí ó rí, kò sì ní í sanwó ẹ́ńjìnnì titun nítorí bọ́tìnnì kan tí ó dí asẹ́.